Bí a ṣe ń bi ẹni tó ń fọ̀rọ̀ wáni lẹ́nu wò ní ìbéèrè

Tí ìntáfíù iṣẹ́ bá ń parí lọ, wọn a máa ní, "Ṣé o ní ìbéèrè fún wa?" Má ṣe dáhùn pé rárá. Àkókò yìí ni ìwọ náà fi ń yẹ iṣẹ́ wò, kí o má baà gba èyí tí yóò sú ọ kí ọdún tó yípo.

Ilé ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Tún ìkéde iṣẹ́ náà kà, kí o sì sàmì sí ibi tí kò yé ọ. Wo ojú òpó ilé iṣẹ́ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí wọ́n bá ti kọ síbẹ̀, má tún lọ béèrè rẹ̀. Kọ ìbéèrè bíi mẹ́fà sínú ìwé, torí àwọn kan lára wọn á ti rí ìdáhùn kí ó tó kàn ọ́. Kò sí àbùkù nínú kí o ṣí ìwé náà níwájú wọn.

Ẹ̀yìn ìyẹn, mọ ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀gá tí wàá máa jábọ̀ fún ló mọ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ lójoojúmọ́. Ẹni tó ń rí sí gbígba òṣìṣẹ́ ló mọ ètò ìsinmi àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́.

Yẹra fún ìbéèrè tí "bẹ́ẹ̀ ni" lè parí. Dípò "Ṣé iṣẹ́ pọ̀ níbí?", sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ máa fẹ́ kí ẹni tí ẹ bá gbà ti ṣe láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́?"

Èyí tí mi ò ní fi sílẹ̀ láé ni: "Ṣé ipò tuntun ni, àbí ẹnì kan ló kúrò níbẹ̀?" Tó bá jẹ́ tuntun, béèrè ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹnì kan ló kúrò níbẹ̀, tí wọ́n sì gbé e ga, àyè ìgbéga wà níbẹ̀ nìyẹn. Tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni, fetí sí bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ rẹ̀: ọ̀gá tó ń bú ẹni tó ti lọ lójú àlejò lè bú ìwọ náà lọ́la. Tí àwọn tó ti lọ bá ju ẹyọ kan lọ láàárín ìgbà díẹ̀, fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè ohun tí ilé iṣẹ́ náà ti ṣàtúnṣe látìgbà náà. Lẹ́yìn náà, dákẹ́. Jẹ́ kí wọ́n ronú, kí wọ́n sì sọ tẹnu wọn tán.

Ọ̀rọ̀ owó oṣù ńkọ́? Tó bá jẹ́ ìjókòó àkọ́kọ́, jẹ́ kí àwọn kọ́kọ́ dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n má ṣe gba iṣẹ́ láìmọ iye tí wọ́n fẹ́ san.

Kí o tó dìde, béèrè pé, "Ìgbà wo ni kí n máa retí èsì?" Kọ ọjọ́ tí wọ́n bá dá sílẹ̀. Tó bá kọjá tí o ò gbọ́ nǹkan kan, fi lẹ́tà kúkúrú béèrè lọ́wọ́ wọn.