Lẹ́yìn Tí Wọ́n Bá Yọ Ilé Ẹyin: Ẹ Yé Náwó Sórí Irin Àyẹ̀wò

Ẹ̀yin ìyá àti àǹtí mi, ẹni tí wọ́n yọ ilé ẹyin rẹ̀ méjèèjì ni mò ń bá sọ̀rọ̀ egungun. Tó bá jẹ́ ilé ọmọ nìkan ni wọ́n yọ, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀. Ẹ bi dókítà èwo gan-an ni wọ́n yọ, torí ọ̀pọ̀ yín ni kò mọ̀. Àṣìṣe mẹ́ta tí ẹ máa ń ṣe rèé.

1. Dídá oògùn họ́mọ́ọ̀nù dúró nítorí pé ooru ara ti rọlẹ̀. Ṣé torí ooru nìkan ni wọ́n ṣe kọ ọ́ ni? Estrogen, họ́mọ́ọ̀nù tí ilé ẹyin ń ṣe, ló ń dáàbò bo egungun, kò sì pẹ́ tí wọ́n yọ ilé ẹyin tó fi já wálẹ̀. Ẹni ọdún 40 tí kò ní jẹjẹrẹ ọmú tàbí àìsàn mìíràn tó lòdì sí i, ó sábà máa ń yẹ kó lò ó títí di nǹkan bí ọdún 51.

2. Yíyá oògùn họ́mọ́ọ̀nù ọ̀rẹ́ lò. Tiẹ̀ lè má bá yín mu. Ẹni tí ilé ọmọ rẹ̀ ṣì wà gbọ́dọ̀ fi progesterone, họ́mọ́ọ̀nù mìíràn, kún estrogen, kí jẹjẹrẹ ilé ọmọ má baà yọjú.

3. Irin! Èyí ló ń mú ẹ̀jẹ̀ mi ru. Wọ́n á pa àtíbàbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Bódìjà, wọ́n á ní kí ẹ di irin kékeré kan mú, kọ̀ǹpútà á sì pọ bébà jáde pé egungun yín ti ń jò. Kíá, àpótí oògùn olówó gegere ti yọ. Awakọ̀ wa, ọkùnrin pọ́ńbélé, dì í mú. Wọ́n ní ilé ọmọ rẹ̀ ò lágbára! Akọ̀wé wọn ò tíì pa orúkọ ìyá tó ṣáájú rẹ́ ni. Ẹnu mi ò dákẹ́ lọ́jọ́ náà, kì í kúkú dákẹ́, òun náà ni wọ́n fi ń pè mí ní Nọ́ọ̀sì Aláriwo. DXA, fọ́tò tó ń wọn bí egungun ṣe ki tó, ni ẹ ní kí wọ́n ṣe fún yín: ó ń wo ọ̀pá ẹ̀yìn àti ìgbáròkó. Tí T-score, nọ́ńbà inú èsì rẹ̀, bá jẹ́ -2.5 tàbí tó relẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, egungun ti fẹ́lẹ́ nìyẹn. Ẹni tó ra àpótí mẹ́ta lọ́wọ́ onírin á tún wojú mi pé kò sówó DXA.

Kálísíọ́mù ńkọ́? Ẹ má gbé 1,000 mg mì lẹ́ẹ̀kan. 500 mg ti tó lẹ́ẹ̀kan, ẹ sì lo oríṣi carbonate pẹ̀lú oúnjẹ. Ẹ ka ẹja tútù eléegun wẹ́wẹ́ àti wàrà mọ́ ọn.

Alendronate, oògùn egungun tó fẹ́lẹ́: omi lásán ni kí ẹ fi gbé e mì, kì í ṣe ògì. Ẹ má dùbúlẹ̀, ẹ má sì jẹun fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Sìgá: rárá.

Ẹ yé wọ takisí Míkírà lọ síbi tí ẹsẹ̀ lè dé. Tí dókítà kò bá ní ẹ má rìn, ẹ fẹsẹ̀ gun òkè Mápó.