Ìpínrọ̀ tí mo gé kúrò nínú láísẹ́ǹsì

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ eléyìí. Mo kọ sọ́fúwíà kékeré kan tó ń yí orúkọ fọ́tò padà, mo gbé e síta lọ́fẹ̀ẹ́, láísẹ́ǹsì MIT ni mo fi sí i, ìyẹn ìwé àṣẹ tó ń jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lo kóòdù èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ìpínrọ̀ tó gbẹ̀yìn ẹ̀, èyí tó ní "AS IS" nínú (ìyẹn ni pé bó ṣe wà ni kẹ́ ẹ gbà á, kò sí ìdánilójú kankan), lẹ́tà ńláńlá ni wọ́n fi kọ ọ́, ó dà bíi pé wọ́n ń jágbe mọ́ èèyàn, ni mo bá gé e dànù. Ẹnì kan wá lò ó, fọ́tò ẹ̀ ń gorí ara wọn, òmíràn sì pòórá. Ó ní kí n sanwó, pé mi ò sọ pé ó lè ba nǹkan jẹ́. Òótọ́ ni, mi ò sọ ọ́. Wíkẹ́ńdì mẹ́ta gbáko ni mo fi bá a wá fọ́tò.

Àtidá ìpínrọ̀ yẹn padà ò tó ìṣẹ́jú kan. Ohun tó dá mi dúró ni kóòdù àwọn ẹlòmíì tó wà nínú tèmi. MIT náà ni tiwọn, ó sì ní kí orúkọ ẹni tó ni kóòdù àti ọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì náà bá gbogbo ẹ̀dà lọ. Ṣé ẹ rí i, èmi rò pé tara mi ni mo gé, àṣé mo ti ká òrùlé lórí àwọn tó fún mi ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́, ìyẹn dùn mí ju ọ̀rọ̀ fọ́tò lọ. Fáìlì 43 ni mo ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń yẹ̀ ẹ́ wò èwo ni tèmi èwo ni mo kó wá, orúkọ ẹnì kan ti pòórá pátápátá lórí fáìlì mẹ́fà torí èmi fúnra mi ni mo pa á rẹ́ nígbà tí mò ń tún kóòdù tò.

Mo tún fẹ́ sọ lẹ́tà ńlá yẹn di kékeré, ọ̀rẹ́ mi tó mọ òfin ní kí n má dán an wò: òfin káràkátà Amẹ́ríkà, UCC 2-316, ní ẹni tó bá fẹ́ yọwọ́ lórí ìwé nínú wáráńtì, ìyẹn ìlérí tí wọn ò sọ síta pé ọjà á ṣiṣẹ́ dáadáa, gbọ́dọ̀ kọ ọ́ kó hàn ketekete. GPL 3 ti ọdún 2007, láísẹ́ǹsì mìíràn, tiẹ̀ ní ó dáa jù kéèyàn fi irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ sórí fáìlì kọ̀ọ̀kan, ohun tí mo ṣe nìyẹn, ó sì wú mi lórí. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo nǹkan ló ń gbani lọ́wọ́ ẹ̀ o, ní Jámánì, ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ibi ò lè fi ìwé yọra.

Ká ní mo mọ̀ ni, mi ì bá ti kọ́kọ́ ka láísẹ́ǹsì àwọn tí mo yá kóòdù wọn. Mo kọ̀wé sí ẹni tí mo pa orúkọ ẹ̀ rẹ́, mo bẹ̀ ẹ́, orúkọ ẹ̀ ti padà sórí fáìlì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà báyìí.