Bí A Ṣe Lè Kọ́ Àwọn Ọmọ Ìjọ ní Ìtàn àti Àmì Ọjọ́ Patrick Mímọ́

Ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdọọdún ni Ìjọ Kátólíìkì máa ń ṣe ìrántí Patrick Mímọ́, bíṣọ́ọ̀bù tó gbé ìyìn rere káàkiri ilẹ̀ Írẹ́lándì, tí ìjọ sì tún fi ṣe alágbàwí fún Nàìjíríà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí àwa tí a wà ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, nítorí pé àwọn fadá ará Írẹ́lándì wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ gan-an kí ìjọ tó fìdí múlẹ̀ lọ́dọ̀ wa, Bíṣọ́ọ̀bù William Field, ọ̀kan nínú wọn láti inú SMA, ẹgbẹ́ àwọn míṣọ́nnárì Kátólíìkì fún Áfíríkà, ló sì ń darí díósíìsì Oǹdó nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira ní 1960. Síbẹ̀, aṣọ aláwọ̀ ewé àti ewé oníka mẹ́ta tí wọ́n rí lórí fóònù ni gbogbo ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa mọ̀ nípa ọjọ́ náà. Ẹ̀yin katikíìsì, ẹ̀yin olùkọ́ ọmọdé àti ẹ̀yin ìyá ìjọ tí ẹ bá fẹ́ ṣe àlàyé tó kún ju èyí lọ ni mo kọ ìlànà yìí fún.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú ohun tí Patrick fúnra rẹ̀ kọ, kí ẹ tó mẹ́nu kan àmì kankan. Ìwé méjì péré ni àwọn onímọ̀ gbà pé òun ló kọ wọ́n, èdè Látìnì ló sì fi kọ méjèèjì: Ìjẹ́wọ́ rẹ̀, àti lẹ́tà tó kọ sí àwọn ọmọ ogun ọ̀gágun kan tó ń jẹ́ Coroticus. Nínú Ìjẹ́wọ́ ló ti sọ pé díákónì ni Calpurnius bàbá òun, pé àlùfáà ni Potitus bàbá bàbá òun, àti pé òun jẹ́ nǹkan bí ọmọ ọdún 16 nígbà tí àwọn akónilẹ́rú mú òun ní Bìrìtéènì, tí wọ́n sì kó òun pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sí Írẹ́lándì. Ọdún 6 ló lò níbẹ̀ tó ń da ẹran. Ó ní òun kò mọ Ọlọ́run tòótọ́ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nínú oko ẹrú yẹn ni òun ti ń gba àdúrà tó 100 lójúmọ́, tí òun sì ń gba iye tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lóru, tí òun ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́ nínú òjò àti yìnyín láti gbàdúrà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó ti Patrick nígbà náà ka ibí yìí sókè fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kí ẹ má sì kánjú kúrò lórí rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni gbòǹgbò gbogbo ọdún náà wà.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá sọ nípa ìpadàbọ̀ rẹ̀. Ohùn kan bá a sọ̀rọ̀ lójú oorun pé ọkọ̀ òkun rẹ̀ ti wà ní sẹpẹ́, ó sá lọ, ó sì padà dé ọ̀dọ̀ àwọn òbí rẹ̀. Níbẹ̀ ló tún ti lá àlá pé ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Victoricus gbé ọ̀pọ̀ lẹ́tà wá láti Írẹ́lándì, bí ó sì ti ń ka ọ̀kan nínú wọn ló gbọ́ ohùn àwọn ará ibẹ̀ tí wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kó padà wá máa rìn láàárín àwọn. Àwọn ọmọ wa yóò tètè lóye bí ẹ bá fi ìtàn Àjàyí Crowther ti ìjọ Áńgílíkà ṣe àfiwé, ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, tí ó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ẹ fi ìyàtọ̀ àárín wọn hàn: Crowther padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn tirẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n ti fi Patrick ṣẹrú ni òun padà sí.

Mo rọ̀ yín pé kí ẹ má fo lẹ́tà sí Coroticus, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni a máa ń fò jù. Àwọn ọmọ ogun ọ̀gágun yìí, tí wọ́n pe ara wọn ní onígbàgbọ́, kọ lu àwọn tí Patrick ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣèrìbọmi fún, tí aṣọ funfun ṣì wà lọ́rùn wọn, tí òróró mímọ́ ṣì ń dán níwájú orí wọn. Wọ́n pa àwọn kan, wọ́n sì kó àwọn yòókù lẹ́rú. Patrick pàṣẹ pé kí wọ́n dá àwọn ènìyàn náà sílẹ̀, ó sì kìlọ̀ fún àwọn onígbàgbọ́ pé kí wọ́n má ṣe bá àwọn oníṣẹ́ ibi náà jẹ, kí wọ́n má sì bá wọn mu. Ẹnikẹ́ni tó bá ti dúró ní òru Àjíǹde rí, tí ó rí àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ aṣọ funfun, yóò mọ bí ọgbẹ́ yẹn ṣe jinlẹ̀ tó lọ́kàn bíṣọ́ọ̀bù náà.

Nígbà tí ẹ bá dé orí àwọn àmì, ẹ sọ ní gbangba pé ìtàn àtẹnudẹ́nu ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wọ́n ní Patrick já ewé oníka mẹ́ta kan, ó fi ṣàlàyé Mẹ́talọ́kan Mímọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rúndún kejìdínlógún ni ìtàn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ hàn nínú ìwé, èyí tó ju ọdún 1,200 lọ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Èyí kò ní kí ẹ má lò ó. Ewé ẹ̀wà tiwa náà máa ń ní ìka mẹ́ta lórí igi kan ṣoṣo, nítorí náà ẹ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbin ẹ̀wà sínú agolo mílíìkì tí wọ́n ti dá ihò sí nídìí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ṣáájú ọjọ́ náà, kí wọ́n sì máa bomi rin ín, nítorí pé òjò kò tíì máa rọ̀ déédéé nígbà náà. Ewé méjì àkọ́kọ́ máa ń dá dúró, wọ́n á kọjú sí ara wọn. Kí àwọn ọmọ má ṣe rò pé irúgbìn àwọn bàjẹ́, èyí tó bá yọ tẹ̀ lé wọn ni yóò ní ìka mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi kún un pé ìdá kan péré ni ìka ewé kọ̀ọ̀kan jẹ́ lára odindi ewé, nígbà tí Baba jẹ́ Ọlọ́run pátápátá, tí Ọmọ jẹ́ Ọlọ́run pátápátá, tí Ẹ̀mí Mímọ́ náà sì jẹ́ Ọlọ́run pátápátá. Ẹni tó bá fi ẹ̀kọ́ náà mọ sórí ewé ti kọ́ àwọn ọmọ ní àṣìṣe.

Ti ejò tí wọ́n ní ó lé kúrò ní Írẹ́lándì kò gba àlàyé gígùn. Solinus, òǹkọ̀wé èdè Látìnì kan tó kọ̀wé ṣáájú ìgbà Patrick, ti sọ pé kò sí ejò níbẹ̀, nítorí náà ejò inú Jẹ́nẹ́sísì orí 3 ni kí ẹ fi ṣe ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ di ìwọ̀sí sí àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀, tí wọ́n jẹ́ ẹbí àti ará àdúgbò wa. Ní ti àwọ̀, àwọ̀ búlúù ni wọ́n yàn fún ẹgbẹ́ oyè Patrick Mímọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1783, àwọ̀ ewé sì wá borí lẹ́yìn náà. Aṣọ funfun ni fadá máa ń wọ̀ níbi Mísà ọdún náà.

Àdúrà tí wọ́n ń pè ní Ìgbàyà Patrick Mímọ́ ni ó yẹ kí àwọn ọmọ mú lọ sílé. Àwọn onímọ̀ gbà pé lẹ́yìn ayé Patrick ni wọ́n kọ ọ́, ṣùgbọ́n ó bá ìgbàgbọ́ rẹ̀ mu gan-an. Kí wọ́n na ọwọ́ síwájú bí wọ́n ti ń wí pé “Kristi wà níwájú mi,” kí wọ́n nà án sẹ́yìn ní “Kristi wà lẹ́yìn mi,” lẹ́yìn náà sí ọ̀tún àti sí òsì. Wọn kò ní pẹ́ mọ̀ ọ́n lórí, wọ́n sì lè máa gbà á láràárọ̀ kí wọ́n tó jáde lọ sí ilé ẹ̀kọ́.

Kí ẹ tó mú ọjọ́ ètò yín, ẹ bi fadá yín léèrè, nítorí pé inú ìgbà Lẹ́ńtì ni ọjọ́ náà máa ń bọ́ sí nígbà gbogbo. Ní 2008, Ọjọ́ Ajé Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ ni ọjọ́ 17 bọ́ sí, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Írẹ́lándì sì gbé ìsìn ọdún náà sí ọjọ́ 15. Bí ó bá sì bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì nínú Lẹ́ńtì, ẹ ti béèrè ṣáájú bóyá ẹ lè se ẹran níbi àpèjẹ àwọn ọmọ.