Ọjọ́ Mẹ́ta Tí Mo Fi Wá Ògiri Kiri ní Berlin

Fọ́tò àtijọ́ ló kọ́kọ́ ṣì mí lọ́nà. Kí n tó gbéra lọ sí Berlin, mo ti kó fọ́tò àwòrán ara ògiri méjìlá jọ sórí fóònù, mo sì ti sàmì sí ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà lórí máàpù. Èyí tí ọkàn mi fà sí jù ni àwòrán ńlá méjì tí Blu, ará Ítálì, yà sí ẹ̀gbẹ́ ilé ní Cuvrystraße, ní àdúgbò Kreuzberg. Ibẹ̀ ni mo forí lé láàárọ̀ ọjọ́ kìíní. Mo débẹ̀, mo wọ̀tún, mo wòsì, ilé tuntun gogoro ni mo bá. Mo yí àdúgbò náà po lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọnù kí n tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, tí mo wá ka ohun tó yẹ kí n ti kà nílé.

Láti oṣù Kejìlá 2014 ni wọ́n ti fi ọ̀dà dúdú kun àwòrán méjèèjì pátápátá. Ìjọba kọ́, onílé kọ́. Àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ náà gan-an ló kùn ún, Blu sì fọwọ́ sí i. Wọn ò fẹ́ kí àwọn tó fẹ́ kọ́lé olówó ńlá sórí ilẹ̀ iwájú rẹ̀ máa fi iṣẹ́ wọn polówó ọjà. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo gbà fún wọn.

Mo tún àkọsílẹ̀ mi ṣe lójú ẹsẹ̀. Fọ́tò tí kò bá ní déètì, tàbí tí déètì rẹ̀ ti lé lọ́dún méjì, mo yọ ọ́ kúrò. Nínú méjìlá, márùn-ún ló kù. Mo wá ń tẹ orúkọ òpópónà kọ̀ọ̀kan sórí Instagram dípò orúkọ ìlú lásán, mo sì ń wo èyí tí wọ́n gbé síbẹ̀ láìpẹ́. Ẹni tó bá tẹ orúkọ ìlú nìkan, àwọn mẹ́wàá tí gbogbo ayé ti mọ̀ náà ni yóò máa rí.

Ọ̀nà tó tún wúlò fún mi ju fóònù lọ ni kí n máa wá ibi tí ilẹ̀ ti ṣófo láàárín ilé. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ní Berlin ló ní ògiri ẹ̀gbẹ́ tí kò ní fèrèsé kankan. Wọ́n mọ ọ́n bẹ́ẹ̀ kí iná má baà ràn dé ilé kejì, torí ilé mìíràn ló yẹ kó fara tì í. Bọ́ǹbù Ogun Àgbáyé Kejì wá wó púpọ̀ nínú àwọn ilé tó fara tì wọ́n, ògiri fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ sì kù síta ní ìhòòhò. Ta ni ayàwòrán tó máa rí irú rẹ̀ tí ọwọ́ ò ní máa yún? Bí mo ṣe ń gbójú sókè níbi gbogbo tí ilé bá ti já sílẹ̀ ni mo ṣe rí arìnrìn-àjò òfurufú tí Victor Ash yà ní Mariannenstraße ní 2007, dúdú lórí funfun, tó ga tó ilé náà fúnra rẹ̀. Kò jìnnà síbẹ̀ ni àwọn ẹran tí ROA, ará Belgium, yà wà, tí wọ́n so kọ́ sórí ògiri bí ẹran inú ìsọ̀ alápatà. Ọrùn ń dùn mí títí dalẹ́.

Ọjọ́ kejì, mo jí lọ sí East Side Gallery kí èrò tó dé. Kìlómítà 1.3 ni ohun tó kù níbẹ̀ nínú Ògiri Berlin, èyí tí ìjọba Jámánì Ìlà-Oòrùn fi pín ìlú náà sí méjì láti 1961 títí di 1989, ayàwòrán 118 láti orílẹ̀-èdè 21 ló sì kùn ún ní 1990. Gbogbo èèyàn ló ń sáré lọ síbi tí Dmitri Vrubel ti ya Brezhnev, olórí Soviet Union, àti Honecker, olórí Jámánì Ìlà-Oòrùn, níbi tí wọ́n ti ń fẹnu konu, láti inú fọ́tò kan tí wọ́n yà ní 1979. Èmi náà lọ. Kò wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀, bóyá nítorí mo ti rí i jù kí n tó rí i. Orí aláwọ̀ mèremère tí Thierry Noir yà ni mo dúró tì pẹ́.

Noir ti ń ya ara Ògiri náà láti 1984, nígbà tó ṣì jẹ́ ewu. Ní ìhà ìwọ̀-oòrùn ló ti ń yà á, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó dúró lé nígbà náà ṣì jẹ́ ti ìlà-oòrùn, àwọn sójà sì lè yọ síni nígbàkígbà. Ìdí nìyẹn tí àwòrán rẹ̀ kò fi ní wàhálà púpọ̀ nínú: ìlà díẹ̀, àwọ̀ díẹ̀, ó ti parí. Ìhà ìlà-oòrùn, tó jẹ́ èyí tí à ń wò lónìí, funfun báláú ló wà nígbà yẹn. Ta ló máa gbé búrọ́ọ̀ṣì súnmọ́ ọn? Ohun tó bí mi nínú níbẹ̀ ni àwọn arìnrìn-àjò tó ń fi bírò kọ orúkọ ara wọn sórí iṣẹ́ oníṣẹ́. Ní 2009 ni wọ́n tún gbogbo rẹ̀ kùn torí oòrùn, òjò àti irú ìwà yìí ti bà á jẹ́.

Ọjọ́ kẹta, Mauerpark, ọgbà ìgbafẹ́ kan. Òfin gbà kí èèyàn kun ògiri ibẹ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń sá fún ọlọ́pàá. Òórùn ọ̀dà alágolo ló máa kọ́kọ́ pàdé rẹ. Ọ̀dà ti lé ọ̀dà títí ó fi nípọn bí èèpo igi. Mo ṣa èyí tó já bọ́ sílẹ̀, mo wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: pupa, funfun, ewé, dúdú, àwọ̀ lórí àwọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fi nǹkan bo imú ń ya ẹja kan. Mo bi í bóyá kì í dùn ún pé ẹlòmíràn máa kùn ún bò. Ó ní òun náà ṣáà kun ti ẹlòmíràn bò láàárọ̀ yẹn.

Nírọ̀lẹ́ mo wọ Urban Nation ní Bülowstraße, ilé àfihàn tí wọ́n ṣí ní 2017 fún iṣẹ́ àwòrán ìgboro. Ọ̀fẹ́ ni. Iṣẹ́ ọwọ́ tó dáa wà nínú rẹ̀, iná tàn sí i dáadáa, àlàyé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, bí àwòrán tí mo rí ní ìwọ̀n ilé alájà márùn-ún ṣe wá wà nínú férémù kékeré, ó dà bí kìnnìún inú àgò. Mo jáde kíá lọ wo iwájú ilé náà àti àwọn ilé àdúgbò tí wọ́n kùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń padà, mo yà sí Mauerpark. Ìrù ẹja ló kù. Lẹ́tà pupa gàdàgbà ti gba ìyókù. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo sì kọ déètì sábẹ́ rẹ̀.