Bẹ́ ẹ ṣe lè mọ̀ pé ọtí tàbí oògùn ti ń di bárakú, àti ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ wá ìrànwọ́

Ohun tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu èèyàn ni "èmi kì í mu jù, mo mọ ìwọ̀n ara mi." Ó dáa o, àmọ́ ìwọ̀n kọ́ lẹ máa kọ́kọ́ wò. Ẹnì kan lè máa mu igo méjì péré lálẹ́ kó sì ti di bárakú fún un, ẹlòmíì á mu jùyẹn lọ níbi àríyá, tó bá délé ó lè di oṣù mẹ́ta kó tó rántí ọtí. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ bi ara yín ni pé, tẹ́ ẹ bá ní ẹ ò ní fọwọ́ kàn án lónìí, ṣé ẹ lè ṣe é lóòótọ́, kí ara yín sì balẹ̀?

Bó ṣe ń wọlé rèé. Kẹ́míkà kan wà nínú ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní dopamine, òun ló máa ń sọ fún ọpọlọ pé ohun tá a ṣe yìí dáa o, ká tún un ṣe. Oúnjẹ tó dùn ń mú un jáde, ẹ̀rín pẹ̀lú ọ̀rẹ́ ń mú un jáde, àmọ́ oògùn olóró máa ń tú u síta rẹpẹtẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá ti ń ṣẹlẹ̀ léraléra, ọpọlọ á mú un mọ́ra, ẹyọ kan ò ní ṣe nǹkan kan mọ́, á di méjì, á di mẹ́rin, nígbà tó bá sì yá, àwọn nǹkan tó ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀, bọ́ọ̀lù ni o, orin ni o, ọmọ ẹ̀ tó ń sáré wá pàdé ẹ̀ ni o, gbogbo ẹ̀ á wá rí ṣákálá lójú ẹ̀. Tó bá ti débẹ̀, kò lò ó torí ìgbádùn mọ́, ó ń lò ó kí ara ẹ̀ lè rí bí ara àwa tó kù ni.

Ẹ má sì rò pé ọ̀dọ̀ ọmọ ìta nìkan ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé oògùn ìrora tí dókítà fún wọn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ló bá wọn délé. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ní kékeré ló máa ń tètè mú, torí ọpọlọ èèyàn ò tíì dàgbà tán títí tó fi máa tó nǹkan bí ọmọ ọdún 25, tí ìṣòro yìí bá sì ti wà nínú ìdílé yín rí, kẹ́ ẹ ṣọ́ra ju ẹlòmíì lọ.

Àmì tí èmi kà sí jù ni kéèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòfin fún ara ẹ̀. Ta ló máa ń ṣòfin lórí omi ọsàn? Ẹ ò ní gbọ́ kẹ́nì kan sọ pé òun ò ní mu omi ọsàn kó tó di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Àmọ́ ẹ máa gbọ́ "Sátidé nìkan ni mo máa ń mu," tó bá yá Fráìdè náà á wọ̀ ọ́ torí pé iṣẹ́ ti parí, Tọ́sìdeè á wọ̀ ọ́ torí pé Fráìdè ti dé tán, ẹ sì máa rí i pé kò sígbà tí òfin yẹn yí padà tó yí sí dídínkù.

Lẹ́yìn ìyẹn ni fífi pa mọ́. Igo á wà lábẹ́ aṣọ, oògùn á wà nínú agolo fítámínì tó ti tán. Ẹ wo bí ẹni náà ṣe ń palẹ̀ mọ́ tó bá fẹ́ rìnrìn àjò: kó tó mú aṣọ kan ṣoṣo, á ti ka èyí tó kù nínú sáṣẹ́ẹ̀tì, á tún un kà, á wá fi mẹ́ta lé e torí àìmọ̀. Ó lè gbàgbé búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, àmọ́ kò lè gbàgbé ìyẹn láé. Tó bá wá pẹ́ díẹ̀ tí kò rí i lò, ọwọ́ á máa gbọ̀n, á máa làágùn, inú á máa bí i sí gbogbo èèyàn. Gbèsè, irọ́ àti pípẹ́ kó tó dé ibi iṣẹ́ náà wà níbẹ̀, àmọ́ ó máa ń pẹ́ kí wọ́n tó yọjú.

Ìbéèrè mẹ́rin kan wà táwọn dókítà máa ń bi ẹni tó ń mutí, CAGE ni wọ́n ń pè é. Ṣé ó ti ṣe yín rí bíi pé kẹ́ ẹ dín in kù? Ṣé inú ti bí yín rí torí pé ẹnì kan sọ̀rọ̀ sí ọtí tẹ́ ẹ̀ ń mu? Ṣé ọkàn yín ti dá yín lẹ́bi rí nítorí ẹ̀? Ṣé ẹ ti mu ún rí bẹ́ ẹ ṣe jí láàárọ̀, kí ọwọ́ lè yé gbọ̀n tàbí kí orí lè wálẹ̀? Tí ìdáhùn yín sí méjì bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ lọ rí dókítà. Kò tíì túmọ̀ sí pé ó ti di bárakú o, àmọ́ ó ti tó kẹ́lòmíì bá yín wò ó. Ẹ ò ní láti dúró dìgbà tí iṣẹ́ bá bọ́.

Ibí yìí ni kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà. Ẹni tó ti ń mutí gan-an lójoojúmọ́, tàbí tó ti ń lo oògùn oorun bíi diazepam fún ìgbà pípẹ́, kò gbọ́dọ̀ jáwọ́ lójijì láìrí dókítà. Láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ tó fi ọtí sílẹ̀, gìrì lè gbé e, tó bá di ọjọ́ kejì sí ìkẹrin ó lè máa rí ohun tẹ́lòmíì ò rí, kó má mọ ibi tó wà mọ́, ó sì lè gbẹ̀mí ẹ̀. Dókítà á bá a dín in kù díẹ̀díẹ̀ tàbí kó fún un ní oògùn tí kò ní jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ti kódíìnì, tramadol àti heroin yàtọ̀: ìnira jíjáwọ́ ẹ̀ máa ń rí bí ìgbà tí ibà ńlá bá muni, inú á máa ru, imú á máa ṣomi, kò wọ́pọ̀ kó pààyàn, ohun tó ń pààyàn ni kéèyàn fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó wá padà sídìí iye tó ń lò tẹ́lẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ara ẹ̀ ò lè gbé e mọ́.

Tẹ́ ẹ bá bá ẹnì kan nílẹ̀ tẹ́ ẹ pè é tí ò dáhùn, tí mímí ẹ̀ ń lọ́ra tó sì ń jìnnà síra tàbí tó ń hanrun lọ́nà tó ṣàjèjì, tí ètè tàbí èékánná ẹ̀ ti ń dúdú, ẹ pe nọ́ńbà pàjáwìrì, ẹ dá a dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu, ẹ má sì fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Tí naloxone, ìyẹn oògùn tó ń dá agbára heroin àtàwọn tó jọ ọ́ dúró, bá wà nítòsí, ẹ fún un.

Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ sọ iye tẹ́ ẹ̀ ń lò gan-an, ẹ má dín in kù torí ojú tì yín, iye yẹn ló fi máa ṣírò ìtọ́jú. Oògùn wà fún un, buprenorphine àti methadone wà fún àwọn tó ń lo heroin àtàwọn tó jọ ọ́, naltrexone wà fún ọtí, ìmọ̀ràn náà á sì wà níbẹ̀.

Tó bá jẹ́ èèyàn yín ni, ẹ má bá a sọ ọ́ nígbà tó bá ti yó, ẹ dúró dìgbà tí ojú ẹ̀ bá dá. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ rí, "lánàá o sùn sínú mọ́tò nígbà táwọn ọmọ ń dúró dè ẹ́," ẹ má sọ pé ọ̀mùtí ni. Ẹ má bá a pe ọ̀gá ẹ̀ níbi iṣẹ́ pé ara ẹ̀ ò yá. Tó bá wá lọ́jọ́ kan tó ní òun gbà, ẹ má sọ pé ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ pe ilé ìwòsàn níṣojú ẹ̀ kẹ́ ẹ sì bá a lọ, torí ó lè ti yí ọkàn padà kílẹ̀ tó mọ́.