Bí ẹ ṣe máa tọ́jú ajá yín kó má bàa sá lọ lásìkò ọdún Kérésì

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé oúnjẹ ọdún ló máa ń kó bá ajá. Ó wà níbẹ̀, màá débẹ̀, ṣùgbọ́n ládùúgbò tiwa báńgà táwọn ọmọ ń yìn àti géètì ló ń sọ ajá nù.

Ẹ kọ́kọ́ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi fún un tó bá ti pé ọdún kan tó gba ti tẹ́lẹ̀, kí àlejò tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ẹ wá wá kọ́là tẹ́ ẹ máa so mọ́ ọn lọ́rùn, ẹ fi máàkà kọ nọ́ńbà fóònù yín sí i. Kò di dandan kẹ́ ẹ ra olówó ńlá, èmi bẹ́líìtì àtijọ́ ni mo gé tí mo dá ihò sí, ìka méjì ni kó gbà láàárín ẹ̀ àti ọrùn, ó tán.

Ó wá ku báńgà. Lálẹ́ 31 Disẹ́ńbà gbogbo ilé á lọ sí ìsìn àìsùn, wọ́n á fi ṣéènì so ajá mọ́ ìdí máńgòrò, wọ́n á ní kò síbi tó ń lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é! Tó bá ti di agogo méjìlá tí báńgà tí wọ́n ń pè ní nọ́kàótù bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbàù gbàù, ajá yẹn á máa fò, á máa yí igi ká, ṣéènì á sì máa kúrú sí i. Mo ti bá ọ̀kan bẹ́ẹ̀ lẹ́yìnkùlé aládùúgbò wa, ẹsẹ̀ iwájú ẹ̀ ò kanlẹ̀ mọ́, ahọ́n ti yọ síta, pílásì la fi gé ṣéènì yẹn. Èyí tí wọn ò so ńkọ́? Á fo fẹ́ǹsì, tí ẹni tó ń ta 404, ìyẹn ẹran ajá, bá sì pàdé ẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹ má wulẹ̀ wá a mọ́.

Yàrá ni kẹ́ ẹ tì í mọ́. Ẹ mú un jáde kó tọ̀ nírọ̀lẹ́, tó bá di aago méje kó ti wọlé. Stọ́ọ̀ dáa, ilé ìwẹ̀ náà dáa, ṣùgbọ́n kó má wà lẹ́bàá ibi tí jẹnẹrétọ̀ ń tú èéfín sí, èéfín tó ń pa èèyàn, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ajá. Ẹ pa fèrèsé dé, ẹ gbé omi sí i, ẹ tẹ́ ìró àtijọ́ tẹ́ ẹ ti ró tí ò tíì rómi fún un, kó máa gbóòórùn yín. Ẹ tan rédíò. Rédíò yẹn, láti bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni kẹ́ ẹ ti máa tàn án fún un, tó bá jẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án, ariwo lẹ fi kún ariwo. Kí ẹnì kan sì dúró sílé. Èmi ni mo máa ń dúró, pásítọ̀ wa ti mọ̀.

Tó bá ń gbọ̀n, ẹ má nà án, ẹ má sì fún un ní oògùn oorun tiyín. Dókítà ẹran nìkan ni kẹ́ ẹ bi.

Ti géètì, ọwọ́ ẹnì kan ni kí kọ́kọ́rọ́ wà. Àlejò ò kì í ka ìwé tẹ́ ẹ lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ má fi ìyẹn tan ara yín.

Oúnjẹ ò le: ẹ má fún un ní egungun adìẹ tó ti jiná torí ó máa ń fọ́ ṣóńṣó, ẹ má fún un ní ṣokoléètì tàbí ọbẹ̀ alálùbọ́sà, kẹ́ ẹ sì gbé ọtapíapía àti oògùn eku sókè pátápátá.

Lówùúrọ̀ 1 Jánúárì ẹ má tíì tú u sílẹ̀ o, àwọn ọmọ á ṣì máa yin èyí tó ṣẹ́kù. Èmi máa ń dúró di ọ̀sán, màá gbá gbogbo bébà báńgà inú ọgbà kúrò nílẹ̀ kí n tó ṣílẹ̀kùn fún un.