Bí A Ṣe Lè Gbé Jimny Sókè Ká Sì Tún Máa Wà Á Lójoojúmọ́

Suzuki Jimny tó jáde ní 2018, èyí tí wọ́n ń pè ní JB74, ti lè wọ ẹrọ̀fọ̀ bó ṣe ń ti ilé iṣẹ́ bọ̀. Àkísù iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ odindi, férémù irin ló gbé e, àyè 210 mílímítà sì wà láàrin ilẹ̀ àti abẹ́ rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ máa wà á lọ síbi iṣẹ́, tó tún fẹ́ gbé e wọ igbó lópin ọ̀sẹ̀, kò nílò ju sípíríǹgì tó ga ní 40 sí 50 mílímítà àti táyà tó tóbi díẹ̀ lọ. Ohun tó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, orí títì lẹ ó ti máa jìyà rẹ̀ láràárọ̀. Ọ̀pọ̀ ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí bá JB43 mu pẹ̀lú, ìyẹn ìran Jimny tó wà lọ́jà ṣáájú 2018, torí bí wọ́n ṣe so àkísù mọ́ férémù jọra.

Táyà

195/80R15 ló bá JB74 jáde, gíga rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi 693 mílímítà. 215/75R15 ga tó 703, ó sì wọlé láìgé ohunkóhun. 235/75R15 ga tó 733. Ó dára nínú ẹrọ̀fọ̀, àmọ́ ó wúwo, ẹ́ńjìnì 1.5 lítà tí kò ní ju agbára ẹṣin 102 lọ á sì mọ̀ ọ́n lára: gíá karùn-ún á di ti ojú ọ̀nà títẹ́jú nìkan, bí òkè kékeré bá dé, ẹ ó padà sí ìkẹrin. 215/75 là ń dá lábàá fún ìrìn ojoojúmọ́, kó sì jẹ́ irú A/T (táyà títì àti igbó). M/T (táyà ẹrọ̀fọ̀) ń pariwo lórí títì, kì í sì í di ọ̀dà mú dáadáa lásìkò òjò.

Márùn-ún ni kí ẹ rà, kì í ṣe mẹ́rin. Sípíà ẹ̀yìn ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ bá àwọn yòókù dọ́gba, torí táyà tí gíga wọn yàtọ̀ síra ń da gíá láàmú nígbà tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jọ ń fà. Rímù tí ẹ bá fẹ́ rà gbọ́dọ̀ jẹ́ oníhò márùn-ún, 5x139.7, kí ihò àárín rẹ̀ jẹ́ 108 mílímítà.

Afẹ́fẹ́ lọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ba ọkọ̀ yìí jẹ́. Jimny fúyẹ́, nǹkan bíi 1,100 kílò ni, 26 psi sì ni ìwọ̀n JB74 tó bá táyà ilé iṣẹ́ lórí. Fọganáísà tí kò mọ̀ ọ́n á fún un ní 35 bíi ti ọkọ̀ yòókù. Ọkọ̀ á wá máa ta lórí gbogbo kòtò, àárín táyà á sì jẹ tán ṣáájú ẹ̀gbẹ́. Ẹ ka ohun tó wà lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀, kí ẹ sì dúró ti fọganáísà títí á fi parí.

Bí ẹ bá lo 235/75, eré yín gangan á fi nǹkan bíi 6 nínú 100 ju èyí tí aago ọkọ̀ ń kà tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ fi GPS fóònù yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ lè mọ iye tí ẹ ń sá.

Sípíríǹgì

Ẹ wọn gíga láti àárín rímù dé etí fẹ́ńdà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ fi jáàkì gbé férémù lórí ilẹ̀ líle, kí ẹ gbé e lé ìdúró irin méjì. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e. Ẹ tú táyà, ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kì, ìkọ́ tó di ọ́ọ̀sì búréèkì àti wáyà ABS mú, àti ẹnu kan panhard rod (irin gbọọrọ tó so àkísù mọ́ férémù). Ẹ wá fi jáàkì kejì rọra sọ àkísù kalẹ̀ títí sípíríǹgì á fi yọ. Ẹ má jẹ́ kí àkísù fi ọ́ọ̀sì búréèkì rọ̀. Ọ́ọ̀sì tó ti nà jù lè má jò lọ́jọ́ náà, kó wá bẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá tẹ búréèkì lójijì.

Ṣọ́ọ̀kì tó gùn tó sípíríǹgì tuntun ni kí ẹ lò. Ti ilé iṣẹ́ á tètè nà dópin, á sì máa lù gbàgà nígbà tí táyà bá bọ́ sí kòtò.

Ẹ fi ọwọ́ lásán dì gbogbo bóòtì tó gba inú bọ́ṣì (òrùka tó ní rọ́bà nínú) kọjá nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lókè. Ìgbà tí táyà bá ti tẹ ilẹ̀, tí ọkọ̀ sì ti ru ìwúwo ara rẹ̀, ni kí ẹ tó fi sípánà fà wọ́n le. Bí ẹ bá fà wọ́n nígbà tí àkísù ń rọ̀ dirodiro, rọ́bà inú bọ́ṣì á lọ́ bí ọkọ̀ bá sọ̀ kalẹ̀, kò sì ní pẹ́ ya. Iṣẹ́ yìí ni mẹkáníìkì tó ń kánjú kì í ṣe, ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Panhard rod ni irin gbọọrọ tó so ẹ̀gbẹ́ kan àkísù mọ́ ẹ̀gbẹ́ kejì férémù. Ọkọ̀ ga, irin yìí kò gùn sí i, ó wá ń fa àkísù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ ra èyí tó ṣeé fà gùn. Ẹ so nǹkan wúwo mọ́ okùn, kí ẹ rọ̀ ọ́ láti etí fẹ́ńdà, kí ẹ wọn àyè láàrin okùn àti táyà lọ́tùn-ún àti lósì, kí ẹ sì yí irin náà títí méjèèjì á fi dọ́gba.

Caster, ìyẹn bí orí kingpin (òpó tí táyà iwájú fi ń yà) ṣe tẹ̀ sẹ́yìn, náà á dín kù: orí kingpin á tẹ̀ síwájú, sítíárìn kò ní padà sáàárín fúnra rẹ̀ lẹ́yìn kọ́nà, ọkọ̀ á sì máa yà kiri ní 90 kìlómítà ní wákàtí kan. Bọ́ṣì caster, tí ihò rẹ̀ kò sí láàrin gan-an, ló ń tún un ṣe. Ọjọ́ kan náà pẹ̀lú sípíríǹgì ni kí ẹ fi sí i. Bí owó kò bá tíì tó fún panhard rod àti bọ́ṣì yìí, ẹ fi sípíríǹgì sílẹ̀ ná.

Ẹ ṣe alignment, ẹ tẹ iná iwájú wálẹ̀ kó má bàa máa fọ́ àwọn tó ń bọ̀ lójú, kí ẹ sì tún gbogbo bóòtì fà lẹ́yìn 100 kìlómítà. 100 Nm tó fún nọ́ọ̀tì táyà.

Bí sítíárìn bá ń gbọ̀n

Láàrin 60 sí 80 kìlómítà ní wákàtí kan ni àìsàn yìí sábà máa ń yọjú, pàápàá lára JB43. Ẹ má kọ́kọ́ ra steering damper (ṣọ́ọ̀kì tó ń dín gbígbọ̀n sítíárìn kù) tuntun. Ó lè bo àìsàn náà mọ́lẹ̀, kò wò ó sàn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí owó kéré sí: ẹ báláǹsì táyà, ẹ sì wo bọ́ṣì panhard rod iwájú bóyá ó ti ya. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé iwájú sókè, ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ mì í. Bó bá ń mì, ẹ ní kí ẹnì kan tẹ búréèkì, kí ẹ tún un mì. Bí mímì náà bá dáwọ́ dúró, bẹ́rìnì táyà ni. Bó bá ṣì ń mì, bẹ́rìnì kingpin ni. Mẹ́rin ni bẹ́rìnì kingpin, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ pààrọ̀ gbogbo wọn pọ̀, kí ẹ sì fi shim (irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín) ṣètò bí wọ́n ṣe le tó.

Lójoojúmọ́

2H, níbi tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ti ń fà, nìkan ni ti títì gbígbẹ. Jimny kò ní gíá àárín tó ń jẹ́ kí táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn yí ní ìwọ̀n tó yàtọ̀ síra, nítorí náà 4H (ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà) lórí ọ̀dà gbígbẹ á mú kí sítíárìn le ní kọ́nà, á sì fi agbára lọ́ ṣáfútì. Ẹ dúró pátápátá kí ẹ tó wọ 4L (ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà pẹ̀lú gíá tó lọ́ra tó sì lágbára).

Àyè ẹrù ẹ̀yìn kò ju 85 lítà lọ bí ìjókòó ẹ̀yìn bá wà ní dídúró, torí náà àwọn kan máa ń di ẹrù sórí òrùlé. Ọkọ̀ tó kúrú tó sì ti ga kò fẹ́ ìwúwo lókè. Ẹ ká ìjókòó ẹ̀yìn kalẹ̀ dípò bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá wọ omi tó bo àkísù, ẹ tú bóòtì epo àkísù wò lọ́jọ́ kejì. Epo tó ti funfun bíi mílíìkì ti gba omi, ẹ dà á nù kí ẹ sì fi epo gíá GL-5 tuntun sí i. Ilé búréèkì ẹ̀yìn náà máa ń kó yanrìn, ẹ ṣí i kí ẹ fọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin tó wà ní Britain, ẹ sọ gbogbo àtúnṣe yìí fún ilé iṣẹ́ adójútòfò yín kí ẹ tó gbé ọkọ̀ jáde, títí kan táyà, nítorí wọ́n lè kọ̀ láti san owó lórí ohun tí ẹ kò sọ fún wọn.